Ohùn Kì í Ṣe Ariwo

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ sí ibi ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ní àdúgbò Adéwọlé ní ìlú Ìlọrin. Sípíkà mẹ́rin tí ó ga ju ènìyàn lọ ni wọ́n tò sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àtíbàbà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń da orin sí wa létí bí ẹni tí ń da yẹ̀pẹ̀ sí kòtò. Bàbá onílù kan, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, wà láàrin èrò pẹ̀lú ìyáàlù ní èjìká rẹ̀. Bí ó bá dúró níwájú àlejò tí ó fẹ́ kì, tí ó fi ọ̀pá kan awọ, kíá ni orin inú sípíkà yóò gbé ìlù náà mì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú u, ó rìn lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó fún ọṣán mọ́ ìhà, ó ń lù ú léraléra: ohùn àárín kan, ohùn òkè méjì, ohùn àárín kan, ohùn òkè méjì. Ni àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó bá tú jáde. Wọ́n ní bàbá ń wí pé, "Ẹ lówó! Ẹ lówó!" Wọ́n ń jó, wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú. Ìyá arúgbó kan tí ó jókòó tì mí fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, kí ló dé?" Ó ní, "Ọmọ mi, 'Ẹ ṣíwọ́' ni onílù ń wí."

Nígbà tí èrò túká, mo tọ bàbá náà lọ, mo kí i, mo sì bi í léèrè. Ó ní, "'Ẹ ṣíwọ́' ni mo wí fún wọn, ọ̀gá tíṣà. Owó ni wọ́n gbọ́. Ṣé kí n wá ní kí wọ́n gba owó wọn padà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo dé ilé tí mo rò ó, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́. "Ẹ lówó" àti "Ẹ ṣíwọ́", ohùn kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Ìlù kò ní kóńsónáǹtì, kò ní fáwẹ́lì. Ohùn nìkan ni ó ní, àti bí ohùn náà ṣe ń yára tàbí bí ó ṣe ń falẹ̀. Nítorí náà, àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn kò ṣi ìró gbọ́. Ìró tí ó wọ etí wọn ni ó wọ etí ìyá arúgbó náà. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé owó ni ó ti wà lọ́kàn tiwọn kí ìlù tó dún, ìyá náà sì wo ẹni tí onílù dojú kọ, ó wo bí ó ṣe lejú, ó rántí irú ọ̀rọ̀ tí onílù máa ń sọ nígbà tí inú bá ń bí i. Etí rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó fi gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà kò kúkú purọ́ nígbà tí wọ́n ní bí òwe, bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ni í jó o, ọ̀mọ̀ràn ni í mọ̀ ọ́n.

Ìjà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá àwọn ènìyàn mi jà nínú àròkọ yìí. Àwa Yorùbá, pàápàá jù lọ àwa ará Ìlọrin, gbà pé gbígbọ́ kò ní ẹ̀kọ́ nínú. A rò pé ẹni tí ó bá ti ní etí, ó ti gbọ́, àti pé bí kò bá gbọ́, kí á pariwo sí i ni ó kù. Irọ́ gbáà ni. Èrò yìí ni ó sì ń pa ohùn èdè wa kú díẹ̀díẹ̀ níṣojú wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ohùn ṣe ń wáyé, nítorí ẹni tí kò mọ orísun omi kò lè mọ ibi tí a ti bà á jẹ́. Èémí ni ó ń ti inú ẹ̀dọ̀fóró jáde. Bí ó bá dé gògóńgò, yóò bá tán-án-ná méjì níbẹ̀. Bí tán-án-ná bá súnmọ́ ara wọn, èémí yóò máa tì wọ́n ṣí, wọn yóò sì tún máa padà pa dé, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa gbọ̀n. Ti ọkùnrin tí ó ti dàgbà a máa gbọ̀n tó nǹkan bí ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ti obìnrin a máa tó nǹkan bí ìgbà 200 tàbí kí ó lé. Bí a bá na tán-án-ná kí ó le, yóò yára gbọ̀n, ohùn yóò lọ sókè. Bí a bá dẹ̀ ẹ́, yóò rọra gbọ̀n, ohùn yóò wálẹ̀. Kí wá ni onílù ń ṣe tí ó yàtọ̀ sí èyí? Ó fún ọṣán, awọ le, ohùn ròkè. Ó dẹ ọṣán, awọ rọ̀, ohùn balẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ na awọ sí ojú méjèèjì igi dùndún kò fi ojú rí inú gògóńgò ènìyàn rí, ṣùgbọ́n gògóńgò gan-an ni ó ṣe, tí ó gbé kọ́ èjìká.

Ìdí nìyí tí inú fi máa ń bí mi bí àwọn ọ̀mọ̀wé kan bá ń pe dùndún ní àrokò, bí ẹni pé ó bá wáyà tẹlígíráàmù ti Morse tan. Àrokò a máa fi nǹkan kan dúró fún nǹkan mìíràn. Dùndún kò fi ohunkóhun dúró fún ohunkóhun; ohùn tí ọ̀rọ̀ fi ń jáde lẹ́nu wa gan-an ni ó ń sọ. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni ó ní ohùn kan náà, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i ní Adéwọlé. Àwọn onílù mọ èyí kí ọ̀mọ̀wé kankan tó mọ̀ ọ́n. John Carrington, tí ó kọ ìwé lórí ìlù tí ń sọ̀rọ̀ ní 1949, ṣàlàyé pé àwọn Lokele ní ilẹ̀ Kóńgò kì í lu ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lásán. Wọ́n á fà á gùn, wọ́n á fi àpólà gígùn sọ ohun tí ẹnu ì bá fi ọ̀rọ̀ kan sọ, kí etí lè rí ohun dì mú. Onílù tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kà nípa rẹ̀ ní ẹ̀kún rẹ́rẹ́, kí ó lọ wo ìwé ńlá tí Akin Euba kọ lórí dùndún, tí ó jáde ní 1990. Bí sípíkà mẹ́rin yẹn bá ti fi àyè sílẹ̀ ni, bàbá onílù ì bá fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, ọ̀rọ̀ ì bá sì yé gbogbo wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun kọ́ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gba ìró náà lọ, ìrìn rẹ̀ sì tó nǹkan bí 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ọjọ́ Iléyá ní Yídì, ẹni tí ó bá dúró jìnnà tó ìwọ̀n yẹn sí àwọn onílù Ẹ́míà yóò rí ọ̀pá tí ó bọ́ sórí awọ kí ó tó gbọ́ ọ. Bí ìró bá wọ ihò etí, awọ tín-ín-rín kan ni yóò bá níbẹ̀, tí ó nà bí awọ ìlù. Onílù lu awọ ní ìta, afẹ́fẹ́ lu awọ mìíràn nínú orí wa. Egungun kékeré mẹ́ta yóò gbà á lọ́wọ́ awọ yìí, wọn yóò gbé e fún omi tí ó wà nínú ihò kan tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, nínú omi yìí ni irun wẹ́wẹ́ tí a kò lè fi ojú lásán rí ti ń mì lẹ̀ǹgẹ̀. Georg von Békésy gba ẹ̀bùn Nobel ní 1961 nítorí iṣẹ́ tí ó ṣe lórí ibí yìí. Ó fi hàn pé ìró tí ó bá ga a máa ru ẹnu ọ̀nà ìkarahun náà jù, èyí tí ó bá wálẹ̀ a sì wọ inú lọ jìnnà. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ní ojúlé tiwọn nínú orí wa.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ ni ti tẹlifóònù. Láti ìgbà àtijọ́, ìlànà tí wọ́n fi ṣe tẹlifóònù ni pé kí ó gbé kìkì ìró tí ó wà láàrin 300 sí 3,400 ìgbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá. Mo sì ti sọ pé ohùn ọkùnrin kò ju nǹkan bí 120 lọ. A jẹ́ pé nígbà tí àbúrò mi bá pè mí láti Jẹ́bà lórí irú wáyà bẹ́ẹ̀, ohùn tí tán-án-ná rẹ̀ fi ń gbọ̀n gan-an kò bá a rìn dé ọ̀dọ̀ mi rárá. Ẹ̀ka rẹ̀ nìkan ni ó dé, àwọn ìró gíga tí ó máa ń bí tẹ̀ lé ara rẹ̀. Síbẹ̀, mo gbọ́ ohùn òkè, mo gbọ́ ti àárín, mo gbọ́ ti ìsàlẹ̀, n kò ṣi ọ̀kan kan mú. Báwo ni ó ṣe ṣeé ṣe? Etí àti ọpọlọ ni wọ́n wo àwọn ẹ̀ka tí wọ́n rí, tí wọ́n sì fi mọ gbòǹgbò tí kò sí níbẹ̀. Ohùn tí a kò fi ránṣẹ́ ni mo gbọ́. Ta ni yóò tún wí fún mi pé etí kan dúró lásán bí àdò tí à ń da omi sí? Òṣìṣẹ́ ni etí. Òṣìṣẹ́ tí kò bá sì kọ́ṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò lè dára.

Ẹ̀kọ́ gbígbọ́ kì í ṣe ohun àjèjì ní Ìlọrin. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, wọ́n mú mi lọ sí ilé-kéwú kan ní Pàkátà. Wàláà wà lórí itan mi, àáfà wà lókè, pàṣán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ kọ́ wa nínú tajwid ni ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń jáde: èyí tí ó ń ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun jáde, èyí tí ó ń ti àárín ọ̀fun, èyí tí ẹ̀yìn ahọ́n ń pè, èyí tí ètè méjì ń pè. Qalb ni ọkàn ní èdè Lárúbáwá. Kalb ni ajá. Mo pe ọkàn ní ajá lẹ́ẹ̀kan, àmì rẹ̀ ṣì wà ní ẹ̀yìn mi. Àáfà kò sọ fún mi pé kí n má ṣe ìyọnu, pé àwọn tí ń gbọ́ mi yóò mọ̀ pé ọkàn ni mo ní lọ́kàn. Ó ní kí n tún un pè. Nígbà tí mo di ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ fonẹ́tíìkì ní yunifásítì, mo rí i pé ohun tí àáfà fi pàṣán kọ́ mi ni wọ́n ń fi àwòrán kọ́ mi. Àwọn Lárúbáwá ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ní ọ̀rúndún kẹjọ ni Al-Khalil ọmọ Ahmad ṣe ìwé atúmọ̀ èdè tí kò tò ní A, B, D. Inú ọ̀fun ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ètè.

Àwọn òbí tí ń san owó kí ọmọ wọn má baà pe ọkàn ní ajá ní èdè Lárúbáwá ni wọ́n ń wí fún mi nínú ìpàdé òbí pé àmì ohùn Yorùbá kò wúlò, pé ìyọnu lásán ni. Mo bi wọ́n léèrè: ṣé èdè Ọlọ́run nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ sí etí? Kò sí ẹni tí ó ní kí a fi àkókò Kùránì kọ́ Yorùbá. Etí kan náà tí a fi ń kọ́ èkíní ni a fi ń kọ́ èkejì. Ọmọ tí a kọ́ láti ya q sọ́tọ̀ sí k, kò sí ohun tí ó ní kí ó má lè ya ohùn àárín sọ́tọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Àwa ni a kò bi í.

N kò ní tún ọ̀rọ̀ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ níbí. Ó ti sú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ó sì ti sú èmi náà. Ọ̀rọ̀ ara mi ni n ó sọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyàwó àbúrò mi bímọ. Kí bàbá mi tó kú, ó ti pè mí lọ́tọ̀, ó sọ orúkọ tí òun fẹ́ kí á sọ ọmọ tí àbúrò mi bá kọ́kọ́ bí, ó ní èmi ni kí n fi ẹnu ara mi pè é. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìkómọ, mo gbọ́ pé ara ìyá ọmọ kò yá, pé wọ́n ti gbé e padà sí ọsibítù. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi: "Egbon, e ma bo lola." Mo kà á, mo ní, "Ẹ má bọ̀ lọ́la." Mo gbàdúrà fún ìyá ọmọ, mo sùn. "Ẹ máa bọ̀ lọ́la" ni ẹni tí ó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Ara ìyá ọmọ ti yá, wọ́n ti padà sílé, wọ́n sì dúró dè mí títí agara fi dá wọn, fóònù mi sì ti kú. Àáfà ní àkókò ti lọ, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ tó dára ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé ìwé báyìí.

Àwọn tí ń bá mi jiyàn yóò ní ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ ká yóò máa túmọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń túmọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ ká ni ó mú kí n ka "ẹ má bọ̀": ara ẹni tí kò yá, ọsibítù, ẹ̀rù tí ó ti wà lọ́kàn mi. Ohun tí mo retí ni mo kà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀dọ́ Adéwọlé ti gbọ́ owó tí wọ́n retí. Ẹni tí ó bá fi ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ ká nìkan gbọ́ ọ̀rọ̀, ara rẹ̀ ni ó ń gbọ́. N kò sẹ́ pé a lè ka ìwé ìròyìn tí kò ní àmì láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí á sì lóye púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo ń kà wọ́n. Ṣùgbọ́n "púpọ̀ nínú rẹ̀" kì í ṣe ìwọ̀n tí a fi ń gba nǹkan tí ó ṣe iyebíye. Nínú ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde ní 1852, àmì ohùn wà lórí ọ̀rọ̀. Ní 1875, wọ́n pàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí sílẹ̀. Àwọn tí kò ní iná mànàmáná rí ohun tí ó yẹ kí á fi àkókò wọn ṣe, àwa tí a ní fóònù olówó ńlá lápò ni a kò ní àyè.

Kì í ṣe ti kíkọ nìkan, ti kíkọrin náà wà níbẹ̀, àwọn Kristẹni ilẹ̀ wa sì ti jẹ ìyà rẹ̀ kí àwa tó jẹ tiwa. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ orin mímọ́ sí Yorùbá, orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Orin náà ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá ní "ẹ yọ̀", tí orin sì gbé sílébù kejì sókè, "ẹ yọ́" ni etí gbọ́, bí ẹni pé òrí ni ìjọ. Àwọn kan kò gbà. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí ó gbé láyé láti 1855 di 1930, ṣe orin tí ó tẹ̀ lé ohùn Yorùbá, ó sì gbà á sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. T. K. E. Phillips kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ọ̀rọ̀ ohùn yìí sì jẹ ẹ́ lógún púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n jà fún etí àwọn ará ìjọ wọn.

Àwọn òbí tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan sí ọmọ jòjòló nílé ńkọ́? Ní 1984, Janet Werker àti Richard Tees fi ìwádìí kan hàn ní ilẹ̀ Kánádà. Àwọn ìkókó ilé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ gbọ́ ìyàtọ̀ láàrin àwọn ìró èdè Híńdì tí àgbàlagbà ilé wọn kò lè gbọ́. Kí ọdún kan tó pé, etí wọn ti kú sí i. Wọ́n kò di adití o; ohun tí ilé kò lò ni etí dà nù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni mo mọ̀ ní Tánkẹ̀ àti ní àwọn àdúgbò olówó wa tí wọ́n ń pe orúkọ ara wọn bí òyìnbó. Àwọn òbí wọn ń rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ní ọmọ náà ń fọn Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá dàgbà tán, wọn yóò gbé e wá sí ẹ̀ka wa pé kí á kọ́ ọ ní Yorùbá ní sáà méjì.

Mo wá dé ọ̀rọ̀ sípíkà, n kò sì ní yọ ilé ìjọsìn kankan sílẹ̀, nítorí mo ní ti tèmi náà ní ẹ̀yìn fèrèsé mi. Ìtàn Ìsìláàmù sọ fún wa pé Bìlálì ni a yàn láti pe ìrun nítorí ohùn rẹ̀. A kò sọ pé nítorí ariwo rẹ̀. Nígbà tí a bá ti agbára ẹ̀rọ kọjá ibi tí ó lè dé, ẹ̀rọ yóò máa gé orí ìró kúrò, ohùn dídùn yóò sì di híhan. Ó tún kù. Ìró ńlá tí ó wà nísàlẹ̀ a máa bo èyí tí ó ga jù ú lọ mọ́lẹ̀ ju bí ti òkè ṣe lè bo ti ìsàlẹ̀. Àwọn sípíkà tí wọ́n kún fún dùùmù-dùùmù yìí kò kàn ń ní ohùn tiwọn lọ́tọ̀. Wọ́n ń jẹ ohùn ènìyàn àti ohùn ìyáàlù run ni. Ìdí nìyí tí n kò fi gbọ́ bàbá onílù bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jìnnà sí mi.

Irun wẹ́wẹ́ inú etí tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ó bá kú nínú ènìyàn, kò tún ní hù mọ́. Àwọn onímọ̀ ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní kí ènìyàn má ṣe ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́ nínú ariwo tí ó tó 85 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì. Bí ó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 ni. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ibi ijó àti fàájì má ṣe jẹ́ kí ìró wọn ju 100 lọ ní ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 15. Ìgbéyàwó tiwa ń gba wákàtí mẹ́fà. Àwọn ọmọdé ni wọ́n sì máa ń lọ jókòó sí ẹsẹ̀ sípíkà náà, nítorí ó ń mì wọ́n láyà.

Àwọn kan yóò ní àgbà ti ń dé sí mi ni, pé ọ̀dọ́ ni ó ni ariwo. Ẹ lọ gbé àwo Odòlayé Àrẹ̀mú sí i kí ẹ gbọ́. Ọmọ Ìlọrin ni, dadakúàdà ni ó ń kọ, ó sì kú ní 1997. Kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́. Ó mọ̀ ọ́n yìn, ó mọ̀ ọ́n bú, ìlù tí ó tẹ̀ lé e kò sì kéré. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí ìlù rẹ̀ gun orí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ ohun tí yóò dun ènìyàn, ìlù á wálẹ̀, ọ̀rọ̀ á jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ kò lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ sísọ ti parí tí orin ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohùn kan náà ni ó fi ṣe méjèèjì. Àgbà kọ́ ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Etí àwọn tí wọ́n ń gbọ́ ọ ni ó kọ́ ọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá ṣi ohùn sọ ní gbàgede Ọjà Ọba, wọn yóò fi rẹ́rìn-ín.

Ní sáà tí ó kọjá, mo ní kí bàbá onílù Adéwọlé wá sí kíláàsì mi. Mo fi owó ara mi gbé e wá. Mo sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé ni púpọ̀ nínú wọn, pé kí wọ́n pa fóònù, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀. Bàbá lu gbólóhùn márùn-ún, ó sì lu ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò fa kánkán, ó fi sùúrù ṣe é bí ẹni tí ń bá ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo gba ìwé wọn, mẹ́ta péré ni ó ní ohun kan nínú tí ó súnmọ́ ohun tí bàbá sọ. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn mẹ́ta náà ní ọ̀dọ̀ ìyá ìyá òun ni òun dàgbà sí. Ìwé àwọn yòókù funfun báláú.

Bàbá wo àwọn ìwé náà lọ́wọ́ mi. Kò mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n ó mọ ìwé tí a kò kọ nǹkan sí. Ó tún ìyáàlù rẹ̀ gbé kọ́ èjìká, ó ní, "Ọ̀gá tíṣà, ṣé kí n lù ú sókè sí i ni?"

Mo ní, "Rárá o, bàbá. Bí ẹ ṣe lù ú yẹn náà ni kí ẹ lù ú." Mo ní kí àwọn ọmọ pa fèrèsé tí ó kọjú sí títì dé, kí wọ́n sì mú ìwé mìíràn.